Ògbufọ̀ Ọmọ Ọdún Mẹ́ta

Kí Ẹ̀gà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta ló ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni. Kò sí ẹni tó fi í joyè, kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò pa iṣẹ́ náà jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Láti ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń dúró sí nídìí sítóòfù dé ibi àga tí bàbá rẹ̀ ń jókòó sí, ìṣísẹ̀ àgbà mẹ́fà péré ni, ògiri tó sì wà láàárín kò nípọn ju pátákó lọ. Bí ẹnì kan bá sín níbí, ẹni tó wà lọ́hùn-ún lè kí i. Síbẹ̀, bí oúnjẹ bá ti jinná, ìyá á ní, "Lọ sọ fún bàbá ẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀." Ọmọ á sáré gba ẹnu ọ̀nà, á dúró níwájú bàbá, á kó ọwọ́ sẹ́yìn, á sì tú ọ̀rọ̀ náà sí èdè bàbá. Bàbá á gbé ojú sókè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ìròyìn, á dáhùn ní èdè tirẹ̀. Ọmọ á tún sáré padà: "Bàámi ní àwọn ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ fọwọ́ ná."

Nínú gbogbo eré yìí, ọmọ nìkan ni kò mọ̀ pé eré ni. Ìyá gbọ́ èdè bàbá, bàbá gbọ́ èdè ìyá. Àwọn méjèèjì kò nílò ògbufọ̀ rárá.

Ọlọ́dà ni àdúgbò mọ bàbá náà sí, nítorí pé ilé ló ń kùn, ọ̀dà kì í sì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó ti ibòmíràn wá pẹ̀lú èdè tirẹ̀, ó kọ́ èdè ìyàwó rẹ̀ lórí àkàbà, láàárín àwọn bíríkìlà àti kápẹ́ńtà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èébú ló kọ́kọ́ mọ̀ níbẹ̀. Ní ti Ìyá Ẹ̀gà, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Etí ló fi gbà á. Ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni ìyá ọkọ rẹ̀ máa ń pè lórí fóònù, ohùn obìnrin náà kì í sì í kéré. Ìyàwó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú ara rẹ̀ tí kò gbọ́, ẹ sọ ilé ẹ̀kọ́ tó yá ju ìyẹn lọ fún mi. Kó tó tó ọdún méjì, gbogbo rẹ̀ ti ń yé e: "Ṣé ó mọ ilé tún ṣe? Ṣé kò ní jẹ́ kó o gbàgbé wa?" Ó gbọ́ ọ, ó gbé e mì, ó ń po tíì rẹ̀ lọ. Kò fi èdè náà sí ẹnu rí. Ọlọ́dà nìkan ló mọ̀ pé ó gbọ́, nítorí pé ó ká a mọ́ ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín sí àpárá kan tí kò yẹ kó yé e.

Nígbà tí wọ́n bí ọmọ, nọ́ọ̀sì tó ń wọn àwọn ọmọ ọwọ́ ló fún wọn ní ìmọ̀ràn. Ó ní, "Kí kálukú di tirẹ̀ mú. Bàbá, ẹ máa sọ tiyín sí i. Ìyá, ẹ̀yin náà, tiyín. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ọn lójú. Á gba méjèèjì, ẹnu kì í kún ọmọdé." Nọ́ọ̀sì sọ tirẹ̀ tán, ó kọjú sí ọmọ mìíràn. Ọlọ́dà ló sọ ọ́ di òfin. Ọkùnrin tí ẹ bá ní kó kun nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní dé, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa kùn ún. Ó là á sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ pé lójú ọmọ yìí, ìyá kò gbọ́ ti bàbá, bàbá kò gbọ́ ti ìyá, ó parí. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ẹ̀gà, ẹni tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ bí ìyá bá lọ síbi iṣẹ́, wò wọ́n títí, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, wèrè yín bára mu."

Lóòótọ́, ọmọ náà kọ́kọ́ da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nígbà tó pé ọdún kan àbọ̀, omi ń jẹ́ omi lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n bàtà ń jẹ́ orúkọ tí bàbá ń pè é. Bó bá fẹ́ jáde, á fi ti ìyá bẹ̀rẹ̀, á fi ti bàbá parí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n káwọ́ lérí: "Mo wí! Ọmọ yìí ò ní gbọ́ ọ̀kan, kò sì ní gbọ́ ìkejì." Kò pẹ́ tó wí bẹ́ẹ̀ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu ènìyàn kó tó sọ̀rọ̀. Ó ń ya wọ́n sọ́tọ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ìyá, ẹ̀gbọ́n ìyá, àwọn ará ilé kejì, ti ìyá ni tiwọn. Bàbá, bèbí ìṣeré rẹ̀ onírun pupa, àti obìnrin olóhùn ńlá tó ń gbé inú fóònù, ti bàbá. Ìyá Inú Fóònù ló sọ obìnrin náà, orúkọ ọ̀hún sì mọ́ ọn lórí. Ológbò ará ilé kejì nìkan ni kò rí ìdí rẹ̀. Ó dán èdè méjèèjì wò lára rẹ̀. Nígbà tí kò fèsì sí ìkankan, ó fi í sílẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wá já geere lẹ́nu rẹ̀, kò dákẹ́ mọ́, àfi bí ẹyẹ ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ẹ̀gà.

Nígbà mìíràn, pàápàá bí nǹkan bá dùn ún, ó máa ń gbàgbé ààlà, á gbé ti bàbá wá bá ìyá. Ìyá á gbọ́ ọ yéké. Ọ̀rọ̀ náà á wọ inú rẹ̀ lọ tààrà, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Á fi ọwọ́ kan etí, á fa ojú ro: "Mi ò gbọ́. Sọ tiwa." Ọmọ á mí kanlẹ̀, á tún un sọ. Bí ẹ bá ní kẹ́ ẹ ka iye ìgbà tí obìnrin yìí sọ "Mi ò gbọ́, sọ tiwa" láàárín ọdún kan, ó máa sú yín. Kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tó jẹ́ òótọ́.

Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan ni Ìyá Ẹ̀gà ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ìlọṣọ ńlá kan wà níbẹ̀ tó gùn tó ibùsùn méjì. Obìnrin méjì ló ń fi aṣọ ibùsùn sí i lẹ́nu, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí irin gbígbóná yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ mì, wọn kì í fi í sílẹ̀ lágbedeméjì, nítorí pé á ká, á jó. Ibẹ̀ ló wà lọ́jọ́ tí wọ́n wá pè é. Ọlọ́dà sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà lọ́sàn-án gangan, ó ní àyà ń fún òun, ó jókòó lórí agolo ọ̀dà. Kí wọ́n tó rí mọ́tò, ó ti kú. Ọkùnrin ọdún méjìdínlógójì. Ọ̀gá ilé ìfọṣọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Ẹ̀gà, ó sọ ọ́ fún un. Ó gbọ́. Ó bá aṣọ ọwọ́ rẹ̀ lọ dé òpin, ó rí i pé etí rẹ̀ gún, kó tó bọ́ ápúrọ́ọ̀nù. Títí dòní, aṣọ yẹn nìkan ló rántí nípa ọjọ́ náà. Àmì kékeré kan wà ní igun rẹ̀ tí fífọ̀ kò mú kúrò.

Láti ọjọ́ náà, ó kàn wà ni. Wọ́n sin òkú, kò sunkún. Àwọn tó wá kí i ń yọ́jú wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń ṣí ìkòkò wò bóyá ó ti hó. Wọn kò rí nǹkan kan, wọ́n bá tiwọn lọ. Àwọn kan ní ọkàn rẹ̀ le. Kí lẹ́nu wọn ò ní sọ? Ọkàn rẹ̀ kò le, ó kú ni, bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé pẹ́. Ẹ gún un lábẹ́rẹ́, á wò yín. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ń jí, ó ń wẹ̀, ó ń wẹ ọmọ, ó ń fi aṣọ sẹ́nu ẹ̀rọ. Bó bá délé, á jókòó sétí ibùsùn, á máa wo ògiri tí ọkọ rẹ̀ kùn ní àwọ̀ ewé, lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ronú nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n ló ṣàlàyé fún ọmọ. Ó ní Bàámi ti kú, wọn ò ní wálé mọ́. Ọmọ bi í pé ṣé títí di ọ̀la. Ẹ̀gbọ́n ní títí láé. Ọmọ ní, "Ó dáa," ó lọ wá bèbí rẹ̀.

Aṣọ iṣẹ́ Ọlọ́dà kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, èyí tí ẹ̀wù àti ṣòkòtò rẹ̀ so pọ̀. Ọ̀dà ti ta sí i lára títí tí kò fi ní àwọ̀ kan pàtó mọ́, òórùn ọ̀dà àti ti òógùn sì wà lára rẹ̀. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n sin òkú nígbà tí Ẹ̀gà wọ yàrá náà, ó dúró níwájú aṣọ yìí, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì fi èdè bàbá sọ fún un pé oúnjẹ ti délẹ̀. Ó fi etí sí àpò rẹ̀. Ó gbọ́ ohun tó gbọ́. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀ tó wà létí ibùsùn.

"Bàámi ní àwọn ò tíì ṣe tán."

"Ó dáa," ni ìyá wí.

Bí iṣẹ́ ògbufọ̀ ṣe tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní àràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ á lọ jíṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó rán an, á sì gba èsì bọ̀. Bàámi ní òjò ń rọ̀ níbi tí àwọn wà. Bàámi ní kí wọ́n fún Ẹ̀gà ní bisikíìtì méjì. Ìyá á fún un ní méjì, á padà sídìí ògiri rẹ̀.

Kò sí ọmọ tó máa sọ àṣírí lójú ẹni tó mọ̀ pé ó ń gbọ́. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gà mọ̀ dájú pé ìyá òun kò gbọ́ èdè yìí, ìyá fúnra rẹ̀ ló fi yé e. Nítorí náà, ó lè dúró ní ìṣísẹ̀ méjì sí i, kó tú gbogbo inú rẹ̀ sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó di ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà mú, ó sì fi èdè bàbá sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: "Màámi ò wò mí mọ́. Ògiri ni wọ́n ń wò. Bí mo bá fà wọ́n láṣọ, wọ́n á ní ó dáa. Ṣé mo ṣe nǹkan ni? Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n wò mí."

Ó fi etí sápò. Ó wá síwájú ìyá.

"Kí ni Bàbá wí?"

Ọmọ wò ó díẹ̀. "Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n ní kẹ́ ẹ jẹun."

Ìyá Ẹ̀gà mọ̀ pé ó yẹ kí àyà òun já. Ó dúró dè é, kò já. Ohun tó wá ni ìrònú kan, tó tutù, tó sì hàn kedere: bí mo bá dá a lóhùn nísinsìnyí, á mọ̀ pé mo ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ibi kan ṣoṣo tó kù fún un láti tú inú rẹ̀ á tì. Bí mi ò bá dá a lóhùn, á máa rò pé òun ló ṣẹ̀. Ó yẹ kó yan ọ̀kan. Kò yan ìkankan. Ó dìde, ó lọ jẹun, nítorí pé wọ́n ní kó jẹun.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, Ìyá Inú Fóònù pè. Tẹ́lẹ̀, Ọlọ́dà á gbé ọmọ lé itan, á fi fóònù sí i létí, àwọn méjèèjì á sì máa pariwo síra wọn bí ẹni wà ní ìkọjá odò. Báyìí, ìyá ló na fóònù sí i. Ẹ̀gà mi orí, ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ apá, ó wọ abẹ́ tábìlì lọ. Ìyá gbé fóònù sétí ara rẹ̀. Arúgbó náà kò gbọ́ èdè mìíràn, ó sì gbà pé ìyàwó kò gbọ́ tòun, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀, bóyá torí pé kò rí ẹlòmíràn bá sọ ọ́. "Fún un ní fóònù. Ṣáà fún un kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohùn ọmọ mi ló kù lẹ́nu ẹ̀ yẹn. Bí ẹnu yẹn bá pa dé, ọmọ mi kú lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn." Ìyá Ẹ̀gà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Ó fi èdè tirẹ̀ sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," ó sì dúró títí fóònù fi gé.

Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀. "Fi ọmọ yìí lọ́rùn sílẹ̀," ó ní. "Ẹni tó ni èdè ti lọ. Ta ló fẹ́ máa bá a sọ ọ́? Kó tó oṣù mẹ́fà, á ti gbàgbé ẹ̀, ọmọdé ṣáà ni."

"Ó ń bá aṣọ sọ ọ́."

"Aṣọ wo?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Ẹ̀gbọ́n dìde dúró. "Ọmọ ń bá aṣọ òkú sọ̀rọ̀, o sì jókòó síbí o ń wò ó bí ẹni ń wo sinimá? Gbé aṣọ yẹn kúrò níbẹ̀, àbúrò mi. Mo bẹ̀ ẹ́ ni o."

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Ìyá Ẹ̀gà ká aṣọ náà sínú báàgì, ó gbé e lọ síbi iṣẹ́. Bí ẹ bá bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, kò ní rí èsì fún yín. Ó kàn gbé e ni. Ẹ má bínú sí i. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà nílé ìfọṣọ yẹn, aṣọ kan kì í sì í wọ ibẹ̀ kó jáde bó ṣe wọlé. Nígbà tí wọ́n sinmi lọ́sàn-án, ọwọ́ rẹ̀ mú báàgì, ọwọ́ rẹ̀ yọ aṣọ jáde, ọwọ́ rẹ̀ sì bá iṣẹ́ lọ. Ó fi kẹrosíìnì nu ọ̀dà, àbààwọ́n kan tẹ̀lé òmíràn. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ọrùn àti abíyá. Ó fọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná lẹ́ẹ̀mejì, ó fi sítáàṣì sí i, ó lọ̀ ọ́ títí ó fi le gan-an, ó sì ká a sí mẹ́rin, bí wọ́n ṣe ń ká tilé ìwòsàn. Obìnrin tí wọ́n jọ ń ti aṣọ sẹ́nu ẹ̀rọ wò ó, ó ní, "Ó dà bíi tuntun!" Inú Ìyá Ẹ̀gà dùn díẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méje.

Ó gbé e délé, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn padà. Ó rò pé ohun rere lòun ṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ẹ̀gà wọlé, ó dúró, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó sún mọ́ ọn, ó fi imú kàn án. Ó gbìyànjú láti ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ṣùgbọ́n sítáàṣì àti áyọ́ọ̀nù ti lẹ àpò náà pọ̀. Ó pe bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní èdè bàbá, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó rọra jáde kúrò nínú yàrá, ó gba iwájú ìyá rẹ̀ kọjá, kò sì jíṣẹ́ kankan.

Ìyá Ẹ̀gà tẹ̀lé e lójú. Ó dìde, ó fi imú ara rẹ̀ kan aṣọ náà. Òórùn aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn ló gbọ́. Ẹni tó fọ ìdọ̀tí gbogbo ayé dànù fún ọdún mọ́kànlá, ó ti fọ ọkọ ara rẹ̀ dànù. Ó mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé òjò ń rọ̀ níta.

Láti ọjọ́ yẹn, Ẹ̀gà pa èdè bàbá tì. Kò sọ ọ́ sí aṣọ, kò sọ ọ́ sí bèbí. Ti ìyá gan-an, ó ń sọ ọ́ ní ìwọ̀nba: bẹ́ẹ̀ ni, rárá, mo ti yó. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ṣé o rí i? Ó ti ń gbàgbé." Ṣùgbọ́n òun náà kò rẹ́rìn-ín nígbà tó wí bẹ́ẹ̀. Ilé tí ẹyẹ kan ti máa ń han tẹ́lẹ̀ wá dákẹ́, wọ́n wá ń gbọ́ ìró omi ẹ̀rọ tó ń kán.

Ní ọjọ́ kẹwàá, bí ìyá ti ń wẹ ọmọ lọ́wọ́, ó rí i pé ọmọ náà ń wo ògiri. Ó ń wò ó gẹ́lẹ́ bí òun ṣe ń wò ó. Ìyá kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tútù, ó la ẹnu, ó sì mú èdè ọkọ rẹ̀ jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó wúwo lẹ́nu rẹ̀ bí òkúta. Ó ní, "Ẹ̀gà mi, wò mí. Mo ń wò ẹ́."

Ẹ̀gà yíjú. Ó wo ẹnu ìyá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá gbé ọwọ́ tí ọṣẹ wà lára rẹ̀, ó fi kan etí, ó fa ojú ro. "Mi ò gbọ́," ó ní, ní èdè ìyá. "Sọ tiwa."

Kò tilẹ̀ bọ̀wọ̀ fún un bó ti máa ń ṣe. Bí wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ náà fún un ló ṣe dá a padà. Ìyá tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọ di etí méjèèjì. "Ti Bàámi nìyẹn! Kì í ṣe tiyín!" Ó jáde nínú omi, ó sì lọ bá táwẹ̀lì fúnra rẹ̀. Ìyá kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí omi fi tutù. Ó dùn ún. Ó yà á lẹ́nu pé ó dùn ún.

Ọjọ́ Sọ́ńdè tún pé. Fóònù dún. Ẹ̀gà ti wà lábẹ́ tábìlì kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá gbé e, kò nà án sí ẹnikẹ́ni. Ó fi èdè ọkọ rẹ̀ sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, Màmá."

Lọ́hùn-ún, arúgbó náà bèèrè pé, "Ta nìyẹn?"

"Ìyàwó ọmọ yín ni."

"O gbọ́ èdè wa?"

"Mo gbọ́, Màmá."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti ń bèèrè bóyá mo mọ ilé tún ṣe."

Ìyá Inú Fóònù, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ní, "Háà." Ó tún ní, "Háà," ó wá rọra bèèrè pé, "Ọmọ ńkọ́?"

Ìyá Ẹ̀gà fẹ́ sọ fún un. Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ aṣọ náà, kò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kan. Ṣùgbọ́n etí ló fi kọ́ èdè yìí. Ẹnu rẹ̀ kò bá etí dé ibẹ̀. Ó ní òun fọ̀ ọ́. Ó ní nǹkan lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó tún un bẹ̀rẹ̀. "Kí lo ní o fọ̀?" ni arúgbó ń bi í. "Kí ló lọ? Ta ló lọ? Ọmọ mi, mi ò gbọ́ ẹ." Ó tún gbìyànjú. Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Lábẹ́ tábìlì, ẹnì kan mí kanlẹ̀.

Ẹ̀gà yọ jáde, ó ń gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n pè síṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi. Kò wo ìyá rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gba fóònù, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú létí. Èdè bàbá sì já geere lẹ́nu rẹ̀, bí ẹni pé kò fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Màámi ní àwọn fọ aṣọ Bàámi. Òórùn Bàámi ti lọ. Wọn ò mọ̀ pé á lọ."

Ìyá Ẹ̀gà gbọ́ ọ. Ó mọ èyí tó jẹ́ tòun níbẹ̀, ó sì mọ èyí tí kò jẹ́ tòun. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, kò sọ ọ́. Ọmọ ló fi í sí i fúnra rẹ̀. Ó wá ibi tó máa jókòó sí, kò rí i, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹkún tí àwọn alábánikẹ́dùn wá wò tí wọn kò rí ló wá dé báyìí. Kò lẹ́wà. Ó ń jáde pẹ̀lú ariwo, imú ń dà, ejìká ń gbọ̀n.

Lọ́hùn-ún, arúgbó náà bèèrè nǹkan kan. Ohùn rẹ̀ kì í ṣáà í kéré, gbogbo yàrá ló gbọ́ ọ. Ẹ̀gà gbé fóònù kúrò létí. Ó rìn dé iwájú ìyá rẹ̀, ó kó ọwọ́ àti fóònù sẹ́yìn, ó dúró dáadáa.

"Ìyá Inú Fóònù ní ta ló ń sunkún."

Ìyá Ẹ̀gà ti gbọ́ ìbéèrè náà tẹ́lẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fèsì rẹ̀ ní èdè yẹn, ọ̀rọ̀ tó rọrùn jù lọ ni. Ó gbé ojú sókè, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Sọ fún wọn pé èmi ni."